Babcock kọ́ ló dá Babcock sílẹ̀

Bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ṣágámù bá dé iwájú Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ohun tí ẹ ó sábà gbọ́ lẹ́nu èrò ni pé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Babcock ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1999. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé àwọn òbí tó ń sanwó ilé-ìwé níbẹ̀ gan-an gbà á gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó ni orúkọ. David Babcock, ajíyìnrere ará Amẹ́ríkà, dé Ẹ̀rúnmu nítòsí Ìbàdàn lọ́dún 1914, ọdún tí Lugard so àríwá pọ̀ mọ́ gúúsù. Ìwàásù ìjọ Seventh-day Adventist, àwọn tí a mọ̀ sí onísábáàtì, ló gbé wá. Ta ló ń sọ ti yunifásítì nígbà yẹn? Ti Ìbàdàn, tó ṣáájú gbogbo wọn ní Nàìjíríà, ṣì ku ọdún 34 kó tó dé.

Ọjọ́ 17, oṣù kẹsàn-án ọdún 1959, ni ilé-ìwé Ìlíṣàn bẹ̀rẹ̀, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Akẹ́kọ̀ọ́ méje péré ni! Iṣẹ́ pásítọ̀ ni wọ́n wá kọ́, Adventist College of West Africa sì ni orúkọ ibẹ̀. Lọ́dún 1975 wọ́n yí i sí Adventist Seminary of West Africa.

Kí ló wá dé tí kò fi di yunifásítì kíákíá? Òfin ni. Láyé ìjọba Shagari, yunifásítì aládàáni hù bí olú káàkiri. Nígbà tó di 1984, ìjọba ológun fòfin de gbogbo wọn pátá. Òfin ọdún 1993 ló tún ilẹ̀kùn náà ṣí, lọ́dún 1999 sì ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ gbàwé àṣẹ: Babcock, Igbinedion ní Okada, àti Madonna ní Okija. Ìwé àṣẹ àti orúkọ tuntun ni Ìlíṣàn gbà lọ́dún náà. Wọ́n fi orúkọ náà bu ọlá fún ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìwàásù wọn wá. Ọmọ ti pé ogójì ọdún kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ yìí.

Ó ń dùn mí tí wọ́n bá ní 1999 ni, torí ńṣe ni wọ́n fọwọ́ nu àwọn méje yẹn àtàwọn olùkọ́ wọn nù, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ipasẹ̀ wọn ṣì wà nílẹ̀. Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti ń wọ̀, Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ á dúró nínú ọgbà. Kò sí kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé títí oòrùn á tún fi wọ̀. Ọmọ ìjọ mìíràn ń wọlé síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé onísábáàtì nìkan ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń bá ìsinmi Sábáàtì náà rìn.

Ẹni tó bá wá fẹ́ rí ibi tí Babcock fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, kó má dúró ní Ìlíṣàn. Kó wọkọ̀ Ìbàdàn, kó béèrè ọ̀nà Ẹ̀rúnmu.