Lébẹ́ẹ̀lì tí èèyàn tẹ̀ nílé fún ọjà tó ní òróró olóòórùn

Lébẹ́ẹ̀lì irú èyí jẹ́ bébà tàbí ike pẹlẹbẹ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, ìpara tàbí òróró ìfọwọ́ra máa ń fi príńtà tẹ̀ fúnra wọn. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé kà títí ohun tó wà nínú ìgò á fi tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún omi, àmọ́ òróró inú ìgò yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́ jù.

Ohun tí òróró ń ṣe

Òróró olóòórùn ò rí bí òróró ìdáná rárá, èròjà inú ẹ̀ fúyẹ́, ó tètè ń fẹ́ lọ, ó sì máa ń yọ́ nǹkan. Limonene, tó pọ̀ jù nínú òróró èèpo ọsàn, lágbára débi pé ó ń yọ́ polystyrene (irú ike kan), wọ́n tiẹ̀ ń lò ó láti fi bó gọ́ọ̀mù tó ti lẹ̀ gbagidi. Torí náà tí ẹ̀kán kan bá ṣàn wálẹ̀ láti ẹnu ìgò, ó máa gba etí lébẹ́ẹ̀lì wọlé, gọ́ọ̀mù á rọ̀, lébẹ́ẹ̀lì á yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, tó bá sì jẹ́ bébà ni, á mu òróró yó. Gọ́ọ̀mù acrylic sábà máa ń fara dà á ju èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe lọ.

Íńkì àti ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí

Íńkì dye (aró tó ti yòrò) ti inkjet, ìyẹn príńtà tó ń fín íńkì olómi, máa ń ṣàn tí omi bá kàn án, ti pigment (àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí kì í yòrò) sàn díẹ̀. Tónà, ìyẹn íńkì lẹ́búlẹ́bú ti príńtà lésà, ò bẹ̀rù omi, ṣùgbọ́n ike ni tónà fúnra ẹ̀, iná ló yọ́ ọ mọ́ bébà, òróró ọsàn sì lè rọ̀ ọ́ títí lẹ́tà á fi máa bó. Polypropylene, irú ike kan tí wọ́n fi ń ṣe lébẹ́ẹ̀lì, ń yọ́ ní nǹkan bíi 160°C, inú príńtà lésà sì lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí polyester, ike mìíràn tó ń yọ́ ní nǹkan bíi 250°C, fi dáa jù níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá ṣe polypropylene ọ̀hún fún lésà. Èyí tó lágbára jù ni thermal transfer, ìyẹn kí wọ́n fi ooru tẹ àwọ̀ láti ara ríbọ́nù, pẹ̀lú ríbọ́nù resin (tí àwọ̀ ẹ̀ jẹ́ bí ike) lórí polyester. Bébà bíi ti rìsíìtì ò yẹ fún irú lébẹ́ẹ̀lì yìí rárá.

Ìdáàbòbò àti ìdánwò

Lamínéètì polyester, ìyẹn ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ bo lébẹ́ẹ̀lì, tó yọ díẹ̀ kọjá etí lébẹ́ẹ̀lì yíká ló ń dí ọ̀nà òróró, fáníìṣì acrylic tí wọ́n ń fín sì lè yọ́. Wọ́n á fi sípíríìtì nu ìgò kí wọ́n tó lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, wọ́n á jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24.

Ìlànà BS 5609 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dán lébẹ́ẹ̀lì wò nínú omi òkun fún oṣù 3, àmọ́ omi òkun kì í ṣe òróró. Òróró ọjà náà gan-an ló yẹ kí wọ́n kán sí i, kí wọ́n sì fi òwú nù ún lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí wọ́n ń kọ sí i

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí wọ́n dárúkọ limonene àti linalool (èròjà olóòórùn mìíràn) tó bá ju 0.001% lọ nínú ìpara tí wọn kì í fomi ṣan, tàbí 0.01% nínú ọṣẹ. Lórí ìgò kékeré, lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín ni wọ́n sábà fi ń kọ àwọn orúkọ yìí.