Ẹyin kan tàbí ẹyin méjì: bí ìbejì ṣe ń wà nínú oyún

Ní kíláàsì kan náà, èèyàn lè rí Táyé àti Kẹ́hìndé tó jọra débi pé tíṣà ò mọ ẹni tí òun ń bá wí, kó sì tún rí Táyé àti Kẹ́hìndé mìíràn tí ọ̀kan dúdú bí kóró iṣin, tí èkejì pupa fòò. Ìbejì ni gbogbo wọn, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ inú ìyá wọn yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹyin ni ìyàtọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ẹyin méjì ló wà nísàlẹ̀ ikùn obìnrin, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni gbogbo ẹyin rẹ̀ ti wà níbẹ̀, bíi mílíọ̀nù kan sí méjì, kò sì ní ṣe tuntun mọ́ láyé rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, bíi 400 péré ló máa jáde. Bó bá ti bàlágà, ọpọlọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi họ́mónù, ìyẹn oje tó ń jíṣẹ́ nínú ara, ránṣẹ́ sí ilé ẹyin lóṣooṣù. Ẹyin bíi mélòó kan á jí, wọ́n á máa dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló sábà máa ń gbó. Àwọn yòókù á rọ. Èyí tó gbó náà á bọ́ sínú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí ilé ọmọ. Kò tóbi ju àmì ìdánudúró tó parí gbólóhùn yìí lọ, kì í sì í lò ju ọjọ́ kan lọ láyé.

Bí àtọ̀ kò bá bá a pàdé, ẹyin náà á kú. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ àti awọ rírọ̀ tí ilé ọmọ ti tẹ́ sílẹ̀ de ọmọ á wó jáde. Ìyẹn ni nǹkan oṣù. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ohunkóhun tí wọn ì báà máa sọ nípa rẹ̀.

Ti ọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kórópọ̀n ń ṣe àtọ̀, láti ìgbà ìbàlágà títí di ọjọ́ ogbó. Nígbà ìbálòpọ̀, àtọ̀ tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan máa ń ju 100 mílíọ̀nù lọ, wọ́n sì lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹyin. Bí ọ̀kan bá ti wọlé, ẹyin á ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù. Kúrómósómù, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó gbé ohun tí ọmọ ń jogún, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá àti 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá á wá di 46. Ti bàbá ló ń sọ bóyá ọkùnrin ni ọmọ náà tàbí obìnrin, nítorí náà kí ẹni tó ń bínú sí ìyàwó rẹ̀ pé obìnrin nìkan ló ń bí rọra o. Òun fúnra rẹ̀ kò sì lè yàn án.

Ibi tí à ń bọ̀ gan-an nìyí. Nígbà mìíràn, ẹyin kan ṣoṣo tó ti gba àtọ̀ á pín sí méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọlẹ̀ méjì tó ti inú ẹyin kan jáde nìyẹn, jíìnì kan náà, ìyẹn àbùdá tí wọ́n jogún, ló wà lára wọn, wọn kì í sì í jẹ́ akọ àti abo. Àwọn wọ̀nyí ni tíṣà ń ṣì mú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹyin méjì ló gbó lóṣù kan náà, àtọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì bá wọn pàdé. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lásán ni wọ́n, àfi pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ wáyé.

Káàkiri àgbáyé, oyún ìbejì ń sún mọ́ 12 nínú 1,000. Nígbà tí dókítà Patrick Nylander ṣe ìwádìí tirẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, ó tó 45. Ìgbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló gbajúmọ̀ jù fún un. Ìbejì ẹlẹ́yin kan kò pọ̀ nílẹ̀ wa ju ti ibòmíràn lọ, bíi 4 nínú 1,000 náà ni. Ẹlẹ́yin méjì ló mú wa yàtọ̀. Àwọn ará Ìgbó-Ọrà ní ọbẹ̀ ewé ilá àti àmàlà ló ń fà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ó ń tẹ̀lé ìdílé ìyá, pé ó sì ń pọ̀ sí i bí obìnrin ṣe ń sún mọ́ ogójì ọdún, nítorí họ́mónù tó ń jí ẹyin túbọ̀ ń pọ̀ lára rẹ̀. Ìbejì tó wà ní ìdílé ọkọ kò lè mú kí ẹyin méjì gbó lára ìyàwó rẹ̀, àmọ́ ọkọ náà lè fi jíìnì yẹn lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìbejì ẹlẹ́yin méjì kọ̀ọ̀kan ló ní olóbì tirẹ̀, tí ìwọ́ fi ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn wá fún un. Ẹlẹ́yin kan lè pín olóbì kan lò, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa ṣàn sọ́dọ̀ ọ̀kan ju èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ṣe síkáànì wọn léraléra.

Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, Táyé á kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé á tẹ̀ lé e, olóbì ló ń kẹ́yìn. Agbẹ̀bí á yí i síbí yí i sọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tí àwọn méjèèjì jọ lò ni, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹyin kan ni wọ́n ti wá. Bó bá jẹ́ méjì, tí àwọn ọmọ náà sì jẹ́ akọ àti abo, ẹyin méjì ni. Ṣùgbọ́n bí olóbì bá jẹ́ méjì, tí àwọn ọmọ sì jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, àfi àyẹ̀wò DNA.