Fọ́sìlì tẹ́ ẹ rà tẹ́ ò mọ ẹranko tó ni ín: báwo ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀?

Ẹni tó bá ń ra fọ́sìlì jọ á mọ̀ pé ẹni tó ń tà á lè kọ "eyín dinosaur" (àwọn afàyàfà ayé àtijọ́ kan) sára ẹ̀ kó wá jẹ́ pé eyín ọ̀nì ni. Ti àwọn ẹranko tó ní eegun ẹ̀yìn ni mo fẹ́ sọ o, ẹja, ejò, ọ̀nì, ahun, ẹyẹ, dinosaur, títí dórí erin àti ẹṣin, àwọn tí eegun wọn ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ tí èròjà inú omi ilẹ̀ fi wọnú ẹ̀ tó le bí òkúta.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "kí lorúkọ ẹ̀", "níbo ni wọ́n ti wà á" ni. Ibi tó ti wá la fi ń mọ ọjọ́ orí àpáta yẹn, ọjọ́ orí àpáta ló sì máa jẹ́ ká mọ ẹranko tó lè jẹ́ àtèyí tí kò lè jẹ́ láéláé. Ẹ wo Mòrókò, ibi tí wọ́n ti ń wa phosphate, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, ní Khouribga, òkun ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, torí náà eyín ṣáàkì àti ti mosasaur, ìyẹn afàyàfà ńlá inú òkun tó bá alángbá tan, ló pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ Kem Kem, Mòrókò kan náà, odò ló ń ṣàn níbẹ̀ nígbà tiẹ̀, ibẹ̀ ni eyín Spinosaurus, dinosaur ajẹran kan, ti ń wá, tọ̀nì náà sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Eyín àwọn méjèèjì rí ṣóńṣó, ó rí roboto, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta ọ̀kan lórúkọ èkejì. Ọ̀pọ̀ dinosaur ajẹran tó kù, eyín tiwọn pẹlẹbẹ, etí ẹ̀ sì rí wágunwàgun bíi ti ayùn.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ṣá, ṣé eegun tiẹ̀ ni? Ẹ wo ojú ibi tó ti kán, inú eegun sábà máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́. Àwọn kan máa ń fi ahọ́n kàn án, wọ́n ní eegun máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, òótọ́ ni, àmọ́ àwọn òkúta kan náà ń lẹ̀ mọ́ ọn, èmi ò gbára lé e.

Eyín ló dáa jù láti fi dá ẹranko mọ̀. Eyín ẹṣin ga, ojú tó fi ń jẹun sì ní ìlà tó ká kọ́rọkọ̀rọ. Mammoth àti mastodon, ẹranko ayé àtijọ́ tó bá erin tan ni wọ́n: ti mammoth dà bí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò jọ, ti mastodon yọ kókó kókó. Eegun ẹ̀yìn náà ń sọ̀rọ̀: ti ẹja sábà máa ń jin kòtò lójú méjèèjì, ti ejò jin níwájú ó yọ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, tàwọn ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú sì sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá jẹ́ àfọ́kù eegun ìhà lẹ rà, ẹ má retí nǹkan kan.

Torí ẹ̀ lẹ ṣe máa rí "indet." lẹ́yìn orúkọ nígbà míì, ìyẹn ni pé ẹni tó wò ó lè sọ pé ìran ọ̀nì ni, kò sì lè lọ jù bẹ́ẹ̀. "cf." ní tiẹ̀ ń sọ pé ó jọ tibí yìí, kò dájú. Èmi á gba "indet." lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ju orúkọ gbàǹgbà-gbangba lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà.

Ẹ ṣọ́ra fún àtọwọ́dá náà o. Lọ́dún 1996 ni wọ́n sọ orí dinosaur kan tó wá láti Bùràsílì ní Irritator, orúkọ tó ń sọ bó ṣe bí àwọn onímọ̀ nínú tó, torí àwọn tó tà á ti fi píláàsítà fa ẹnu ẹ̀ gùn kó lè wuyì lọ́jà. Ọ̀pọ̀ páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ mosasaur tí wọ́n ń tà, yanrìn àti gúlúù ni wọ́n fi to eyín yẹn sínú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí músíọ̀mù bá yín wò ó, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó ṣe kedere níbi tó ti kán. Ẹ má sì tíì fọ òkúta tàbí iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, ó lè jẹ́ òun nìkan ló máa sọ ibi tó ti wá.