Ẹ Ka Àsìkò, Ẹ Má Ka Oṣù

Lọ́dọọdún ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ọ̀mọ̀wé máa ń kọ̀wé sí mi pé, "Ọ̀gá, mo ti rí postdoc ọdún méjì kan gbà, yunifásítì náà sì lórúkọ dáadáa. Ṣé kí n máa lọ?" Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn: ẹ̀dá wo lẹ fẹ́ lọ máa wò, oṣù wo ló sì máa ń yé ẹyin? Àwọn kan rò pé mo ń ṣàwàdà.

Postdoc ni iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀, ọdún kan sí mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọ̀mọ̀wé tuntun ń ṣe lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí òun náà tó ní yàrá ìwádìí tirẹ̀. Ẹni tí kọ̀ǹpútà nìkan ni irinṣẹ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ṣe ẹkọ́lọ́jì, tí à ń wo bí ẹ̀dá ṣe ń bá ara wọn àti ibùgbé wọn lò, àti àwa tí à ń ṣe ẹfolúṣọ̀n, tí à ń wo bí wọ́n ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, ẹranko àti ewéko ló ni kàlẹ́ńdà wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹyẹ kan ń kọ́ ìtẹ́ láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje. Ẹ gba iṣẹ́ oṣù 24 tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Lọ́dún àkọ́kọ́, kí ẹ tó gba ìwé àṣẹ, kí ẹ tó mọ ọ̀nà inú igbó, ọmọ ẹyẹ ti fò lọ. Ọdún kejì nìkan ló máa pé. Nígbà tó bá di ọdún kẹta, ẹyin ṣì kún inú ìtẹ́ nígbà tí owó oṣù yín máa dúró ní ìparí oṣù Karùn-ún. Àsìkò kan àti ààbọ̀ nìyẹn. Tí iṣẹ́ kan náà bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ẹ ó rí àsìkò méjì gbáko, oṣù márùn-ún á sì ṣẹ́ kù tí ẹ ó fi jókòó kọ̀wé. Owó kan náà ni, ọ̀gá kan náà ni. Kí ẹ kàn tètè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yín sí oṣù Kìíní ni. Àwọn ọ̀gá sábà máa ń gbà, torí àwọn náà ti jìyà ẹ̀ rí.

Àsìkò méjì gan-an lè má fi nǹkan kan hàn yín. Ní 1973 ni Peter àti Rosemary Grant, tọkọtaya onímọ̀ ẹfolúṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àwọn ẹyẹ finch ní Daphne Major, erékùṣù kékeré kan láàárín àwọn erékùṣù Galápagos ti Ecuador. Ọ̀dá ńlá kò dé títí di 1977. Èso wẹ́wẹ́ tán nílẹ̀, ó ku àwọn tó le koránkorán. Ẹyẹ tí àgógó ẹnu rẹ̀ nípọn ló rí nǹkan jẹ, àgógó àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà sì tóbi ju ti ìran ìṣáájú lọ. Ká ní ẹnì kan gba postdoc lọ síbẹ̀ ní 1974, tó palẹ̀ ẹrù mọ́ ní 1976, á padà sílé á ní òun ò rí ohunkóhun. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ibi tí àwọn èèyàn ti ń ka nǹkan tipẹ́tipẹ́, bíi erékùṣù Barro Colorado ní Panama, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí láti 1923. Ọdún méjì tiyín á wá gun orí ọdún àwọn ẹlòmíràn.

Ẹni tí kò bá lè dúró de ọ̀dá, kó lọ bá ẹ̀dá tí kì í pẹ́ bímọ. Ní 24 oṣù Kejì 1988 ni Richard Lenski, onímọ̀ ẹfolúṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ agbo bakitéríà E. coli 12. Ìran mẹ́fà sí méje ni wọ́n ń là kọjá lójúmọ́. Láàárín ọdún méjì, ìyẹn súnmọ́ ìran 5,000. Ní gbogbo ìran 500 ni wọ́n ń mú díẹ̀ nínú wọn dì bíi yìnyín pamọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè jí baba ńlá dìde kí ẹ fi wé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wo ẹyẹ tí kò ní jowú wọn.

Ní ti owó, ó lè jẹ́ ti ọ̀gá, èyí tó túmọ̀ sí pé òun ló ti yan ìbéèrè. Ó sì lè jẹ́ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín dù. Ẹ ka òfin kí ẹ tó fi oṣù mẹ́ta kọ̀wé. Ètò owó ìwádìí Marie Skłodowska-Curie ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù kì í gba ẹni tó ti lò ju oṣù 12 lọ ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ, láàárín oṣù 36 tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa dáwọ́ gbígba ìwé ìbéèrè dúró. Human Frontier Science Program, ètò àgbáyé tó ń fowó ran ìwádìí lọ́wọ́, ń san ti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ẹ kúrò nínú ohun tó ti mọ́ yín lára. Ti National Science Foundation, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, fún bàọ́lọ́jì, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àti àwọn tó ní ìwé ìgbélùú pípẹ́ níbẹ̀ nìkan ló wà fún.

Lẹ́tà sí ọ̀gá kò gbọdọ̀ gùn. "Mo nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ yín gan-an" kò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́yìn tiẹ̀ gbàgbé orúkọ ẹlòmíràn sínú ẹ̀. Ẹ wo èyí tó mú kí n tètè fèsì: "Nínú àwòrán kejì yín, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ òkè odò kò bá àlàyé yín mu. Ṣé kì í ṣe pé omi wọn tutù jù?" Ó ti kàwé, ó sì ń bá mi jiyàn.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi ọ̀gá náà pé ta ló ni dátà tí ẹ bá kó, àti èwo lẹ lè mú lọ. Tó bá ń ṣe kámikàmìkámi, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò béèrè nígbà tèmi. Mo fi ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ nínú àpótí ọ̀gá mi, ọdún mẹ́fà sì kọjá kí n tó tún fojú kàn wọ́n.