Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé: wọ́n ti yọ ọ́síjìn, ó ha parí bí?

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ 27 ni mo bí ọmọ mi. Ó pẹ́ lórí ọ́síjìn, wọ́n sì ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní BPD. Ó ti pé ọdún méjì, ó ń sáré kiri ilé. Kí ló dé tí dókítà ṣì ní ká máa mú un wá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, Màmá. Ní ọ̀sẹ̀ 27, àwọn àpò kéékèèké tí atẹ́gùn ń gbà dé inú ẹ̀jẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí àti ọ́síjìn tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là náà ló tún máa ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ọ̀hún léṣe. Àpò tó yẹ kó pọ̀ á wá kéré níye. Ohun tí wọ́n ń pè ní BPD nìyẹn. Dókítà William Northway àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford, ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn yìí lọ́dún 1967. Àwọn ọmọ ìgbà náà tilẹ̀ tóbi ju àwọn tí à ń rí gbà là lónìí lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní í dàgbà kúrò nínú rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ṣì ń dàgbà, ìyẹn ló fi ń sàn sí i. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ló le jù: ọ̀fìnkìn lásán, pàápàá èyí tí kòkòrò RSV ń fà, lè dá ọmọ padà sọ́sibítù. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn èémí nígbà tó bá di ọmọ ilé-ìwé, èémí rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àyà àwọn mìíràn á máa súfèé tí wọ́n bá sáré. Ó jọ ásímà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Oògùn fífà sínú tó ń pẹ̀tù sí ásímà lè má ràn án bó ṣe ń ran ọmọ alásímà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ yá ti ọmọ aládùúgbò.

Agbára ẹ̀dọ̀fóró gbogbo wa máa ń dé góńgó lẹ́yìn ogún ọdún, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ẹni tí góńgó tirẹ̀ kò ga, kíá ni èémí lè máa há a, tó bá wá ń mu sìgá, ó burú jù. Kódà tó bá di ẹni ọgbọ̀n ọdún, kó sọ fún dókítà pé oṣù òun kò pé.

Ìbéèrè: Kí la lè ṣe nílé?

Ìdáhùn: Èéfín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé jáde: sìgá, igi ìdáná, jẹnẹrétọ̀, kọ́ìlì ẹ̀fọn. Ẹ fún un lóúnjẹ dáadáa, torí bí ara ṣe ń dàgbà ni ẹ̀dọ̀fóró ń dàgbà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bí i gan-an ni kẹ́ ẹ fi ka àkókò àjẹsára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹran àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí tí ètè rẹ̀ ṣú, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.