Ìyípadà láísẹ́ǹsì nínú ìgbáralé sọ́fítíwià

Ìyípadà láísẹ́ǹsì nínú ìgbáralé ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn tó ni sọ́fítíwià kan bá pààrọ̀ àdéhùn tí wọ́n fi ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún aráyé, tí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn sì ti dúró lé e lórí. Nínú open source, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí kóòdù, kó lò ó, kó tún un ṣe, kó sì pín in, agbára káká ni iṣẹ́ kan fi ń dá dúró. Ìkànnì kékeré kan lè kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún àkójọ kóòdù tí àwọn mìíràn kọ mọ́ra, kí ẹni tó ni ín má sì mọ orúkọ ìdajì wọn. Bí láísẹ́ǹsì ọ̀kan nínú wọn bá yí padà, ọ̀rọ̀ náà lè kan ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń lò ó.

Ohun tó ń yí padà àti ohun tí kì í yí

Ẹ̀dà sọ́fítíwià tó ti jáde lábẹ́ láísẹ́ǹsì bíi MIT, BSD tàbí Apache 2.0 wà lábẹ́ rẹ̀ títí. Kò dà bí ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀, tí onílẹ̀ lè ní kí àgbẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀dà tó bá tẹ̀ lé e nìkan ni láísẹ́ǹsì tuntun máa ń mú. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀dà tuntun yìí ni àtúnṣe ààbò máa ń wà. Ẹni tó bá dúró sórí èyí àtijọ́ kò rú òfin kankan, àmọ́ bí wọ́n bá rí ihò kan nínú kóòdù náà lọ́la, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dí i. Nítorí èyí, ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò fún ẹ̀dà àtijọ́ máa dópin ló sábà máa ń lé àwọn èèyàn sáré, ju ọjọ́ tí wọ́n kéde láísẹ́ǹsì tuntun lọ.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló rọrùn láti yí láísẹ́ǹsì rẹ̀ padà. Lábẹ́ GPL, láísẹ́ǹsì tó ní kí iṣẹ́ tó bá kó kóòdù rẹ̀ mọ́ra tẹ̀ lé òfin kan náà, bí olúkúlùkù tó kọ kóòdù sínú iṣẹ́ kan bá ṣì di ẹ̀tọ́ àdàkọ tirẹ̀ mú, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ nínú kánẹ́ẹ̀lì Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó mú un kúrò lábẹ́ GPLv2, ẹ̀dà kejì GPL. Níbi tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ní kí gbogbo olùrànlọ́wọ́ fọwọ́ sí àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ náà lè fún kóòdù wọn ní láísẹ́ǹsì mìíràn, ìpinnu yàrá ìpàdé kan ti tó. Láísẹ́ǹsì BSD àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ nílò irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kó kóòdù náà sínú iṣẹ́ tó ní òfin tirẹ̀, bí ìkéde ẹ̀tọ́ àdàkọ bá ṣáà wà níbẹ̀.

Akka àti Flink

Àpẹẹrẹ tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù ni ti Akka, irinṣẹ́ tí àwọn tó ń fi èdè Scala àti Java kọ sọ́fítíwià fi ń mú kí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Lightbend, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, kéde pé láti ẹ̀dà 2.7 lọ, Akka yóò kúrò lábẹ́ Apache 2.0 bọ́ sábẹ́ Business Source License, tí àwọn èèyàn ń pè ní BSL. Lábẹ́ BSL, kóòdù ṣì wà ní gbangba, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ gidi lè ní láti sanwó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á padà di open source. Fún Akka, ọdún mẹ́ta ni, ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá sì tó mílíọ̀nù 25 dọ́là kò ní san nǹkan kan. Lightbend tún ṣèlérí àtúnṣe ààbò fún ẹ̀dà 2.6 títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023.

Apache Flink, tí wọ́n fi ń ṣètò dátà tó ń ṣàn wọlé láìdáwọ́dúró, ń lo Akka nígbà náà kí àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òfin Apache Software Foundation, àjọ open source tí Flink wà lábẹ́ rẹ̀, kò fàyè gba kí iṣẹ́ wọn gbára lé BSL, nítorí náà Flink kò lè gba Akka 2.7 bó ti wù kó fẹ́ ẹ tó. Dídúró sórí 2.6 kò sì ju ọdún kan lọ. Àwọn kan mú kóòdù 2.6, wọ́n ya á sọ́tọ̀ (àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní fọ́ọ̀kì), wọ́n sì sọ ọ́ ní Apache Pekko. Orúkọ gbọ́dọ̀ yàtọ̀, torí láísẹ́ǹsì kóòdù kò fúnni ní ẹ̀tọ́ sí àmì òwò. Ẹ̀dà 1.0 ti Pekko jáde ní oṣù Keje ọdún 2023, Flink 1.18 sì kúrò lórí Akka bọ́ sórí rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà.

Orí yọ Flink lọ́nà kan: láti ẹ̀dà 1.14 ni wọ́n ti ya Akka sí ibì kan láàárín kóòdù wọn, tí kò fi ta gbòǹgbò káàkiri. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ kí orúkọ Akka wọ gbogbo fáìlì rẹ̀ ní láti tún wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ mimemagic

Nígbà mìíràn, kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń wá owó nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. mimemagic jẹ́ àkójọ kóòdù kékeré ní èdè Ruby tó ń sọ irú fáìlì tí fáìlì kan jẹ́, bóyá àwòrán ni tàbí PDF. MIT ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n fáìlì kan wà nínú rẹ̀ tó wá láti inú iṣẹ́ shared-mime-info, GPLv2 sì ni ti fáìlì yẹn. GPL béèrè pé ohun tí a bá pín pẹ̀lú kóòdù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin GPL. Nígbà tí wọ́n pe olùtọ́jú mimemagic sí àkíyèsí ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ó gbé ẹ̀dà tuntun jáde lábẹ́ GPL, ó sì yọ àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kúrò lórí RubyGems, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù Ruby sí fún aráyé.

Ìyọkúrò yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ruby on Rails, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, gbára lé àkójọ kóòdù kan tó ń jẹ́ Marcel, Marcel gbára lé mimemagic, ọ̀pọ̀ ìkànnì káàkiri ayé sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀dà 0.3.5 ni àwọn fẹ́. Kọ̀ǹpútà lọ wá a, kò rí i, iṣẹ́ kíkó sọ́fítíwià jọ sì dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó tilẹ̀ gba ẹ̀dà tuntun ń ronú bóyá gbogbo iṣẹ́ òun ti di GPL nìyẹn. Rails yanjú ti tirẹ̀ nígbà tí Marcel 1.0 jáwọ́ nínú mimemagic, tó sì mú dátà Apache Tika, iṣẹ́ mìíràn tó ń dá irú fáìlì mọ̀, dípò, ẹ̀dà 5.2.5, 6.0.3.6 àti 6.1.3.1 ti Rails jáde ní ọjọ́ 26 oṣù náà. mimemagic fúnra rẹ̀ padà sí MIT láti ẹ̀dà 0.3.7, lẹ́yìn tó yọ fáìlì náà kúrò nínú àpò rẹ̀.

Ìhà tí àwọn tó gbára lé e máa ń kọ

Àwọn kan kì í kúrò lójú kan. Láti ẹ̀dà 4.0, Bash, ètò tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, bọ́ sábẹ́ GPLv3, ẹ̀dà kẹta GPL. Apple kò tẹ̀ lé e, Bash 3.2 ló ṣì wà nínú macOS, zsh, ètò mìíràn bíi Bash, ló sì di èyí tí oníṣàmúlò tuntun ń bá níbẹ̀ láti ọdún 2019. Àwọn mìíràn a máa ti ẹni tó yí láísẹ́ǹsì padà sẹ́yìn. Ní ọdún 2017, Apache Software Foundation kọ láísẹ́ǹsì tí Facebook fi gbólóhùn nípa patẹ́ǹtì kún, èyí tí React, irinṣẹ́ Facebook fún kíkọ ojú ìkànnì, náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, WordPress, sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ní òun náà máa fi React sílẹ̀. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Facebook fi kéde pé React máa di MIT.

Ti Redis, sọ́fítíwià ìpamọ́ dátà, gba ọ̀nà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ó kúrò lábẹ́ BSD lọ sábẹ́ láísẹ́ǹsì méjì tí kì í ṣe open source, ọ̀kan nínú wọn ni SSPL tí ilé-iṣẹ́ MongoDB kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2018. Kí oṣù náà tó parí, Linux Foundation ti kéde Valkey, fọ́ọ̀kì tí Amazon, Google àti Oracle wà lẹ́yìn rẹ̀, Fedora 41, ọ̀kan nínú àwọn ètò tó dúró lórí Linux, sì fi í rọ́pò Redis. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Redis 8 fi AGPLv3, láísẹ́ǹsì kan nínú ẹbí GPL, kún ohun tí èèyàn lè yàn, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ padà di open source. Ṣùgbọ́n AGPL kì í ṣe BSD: ní ti Apache Software Foundation, ìpín X, ìyẹn àwọn láísẹ́ǹsì tí iṣẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ kó mọ́ra, ni AGPL náà wà.