Lip-sync: bí ẹnu kátúùnù ṣe ń bá ohùn rìn

Àbúrò mi kan ló sọ ìtàn Ìjàpá sínú fóònù, èmi sì ya àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo gbé e fún un wò, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Ìjàpá ń jẹun ni àbí ó ń sọ̀rọ̀?" Òótọ́ ló sọ. Ohùn ń lọ, ẹnu náà ń lọ, àmọ́ wọn ò jọ lọ. Ohun tí iṣẹ́ mi ṣaláìní yẹn ni wọ́n ń pè ní lip-sync: kí ẹnu àwòrán máa ṣe ohun tí ẹnu ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣe, lásìkò kan náà.

Ohùn ló sábà máa ń ṣíwájú. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ohùn òṣèré sílẹ̀, ayàwòrán á wá jókòó tì í, á máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Àwòrán 24 ni fíìmù ń lò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fírémù sì là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lórí ìwé tó ní ìlà fún fírémù kọ̀ọ̀kan ni ayàwòrán á ti kọ ìró tó bọ́ síbẹ̀. (Ní Japan, ọ̀pọ̀ kátúùnù ni wọ́n ń yà kí òṣèré tó lanu rárá, òṣèré ni yóò wá sáré bá àwòrán.)

Kò sẹ́ni tó ń ya ẹnu tuntun fún gbogbo ìró. Rhubarb Lip Sync, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, ìrísí ẹnu mẹ́fà péré ló fi ń ṣiṣẹ́. Mẹ́ta mìíràn wà tí ẹ lè fi kún un bó bá wù yín. Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ sọ "bá", kí ẹ sọ "má", láìjẹ́ kí ohùn jáde. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀? Kò sí. Inú ẹnu lọ́hùn-ún ni ahọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ d, t, n, k àti g, nítorí náà ìrísí kan lè dúró fún gbogbo wọn. Èyí tí kò gbọdọ̀ tàsé ni ibi tí ètè ti pàdé. Ojú ń bá etí gbọ́ràn ju bí a ṣe rò lọ: ní ọdún 1976, àwọn olùwádìí méjì kan, Harry McGurk àti John MacDonald, fi ohùn tó ń sọ "ba" sábẹ́ fídíò ẹnu tó ń sọ "ga", ọ̀pọ̀ ẹni tó wò ó sì ní "da" làwọn gbọ́.

Ibi ètè yìí gan-an ni mo ti ṣìnà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe àtẹ ìrísí ẹnu tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún. Ìjàpá ní, "Mi ò gbàgbé." Mo wá gb lórí àtẹ, mi ò rí i, mo rí g, mo mú un. Ni Ìjàpá bá yanu sílẹ̀ láti "ò" títí dé òpin ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ pe gb, ètè á pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n á kan àfàsé (ibi rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu) lókè, méjèèjì á sì tú sílẹ̀ pọ̀. P tiwa náà bẹ́ẹ̀. Àfàfàséfètèpè ni olùkọ́ wa ń pè é nígbà náà, a máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. N kò mọ̀ pé Ìjàpá ló máa rán mi létí.

Ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá ni "gbàgbé" gbà, ìyẹn fírémù 12. Mo pa ètè dé fún fírémù 2, mo la ẹnu gbàgà fún 4, mo tún pa á dé fún 2, mo wá fẹ ètè sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún 4 tó kù. Lẹ́yìn náà ni mo ti gbogbo rẹ̀ síwájú ohùn ní fírémù kan, torí ètè ti ń gbára dì kí ìró tó jáde.

Àmì ohùn ńkọ́? Ẹ má da ara yín láàmú. Igba, igbá, ìgbà: ẹnu kan náà ni. Ọ̀nà ọ̀fun ni dò-rè-mí ti ń wá, ètè ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Èyí tó le jù ni kí a fi ohùn Yorùbá sí kátúùnù tí wọ́n ti yà fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnìkan nínú kátúùnù náà bá pariwo "Stop!", ètè rẹ̀ á pàdé lórí p, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì. "Dúróóó!" ṣì ń jáde lọ́wọ́, ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́ ti pa dé. Òṣèré tó mọṣẹ́ á tètè gé e kúrú, tàbí kó fi èyí tó ṣẹ́kù pamọ́ di ìgbà tí ẹni náà bá kẹ̀yìn sí wa.